Daonil ní Àjàṣẹ́, glibenclamide ní Ìlọrin

Ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Èlùbọ́ ló ń tà ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí ọ̀nà Ọ̀fà àti ọ̀nà Òmù-Àrán ti yà kúrò lára ara wọn. Ó pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra, ilé ìwòsàn ìjọba kan lágbègbè ibẹ̀ ló sì ti ń gba oògùn. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, n kò sì ní dárúkọ èyí tí wọ́n gbé e lọ ní Ìlọrin, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní méjèèjì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera ni mò ń ṣe. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ní kí n wá bá àwọn tú ìwé wò, àwọn náà ló sì ní kí n kọ ọ́ síta, kí n ṣáà ti fi orúkọ bò. Alhájà ni màá máa pè é.

Ìkómọ ló gbé Alhájà wá sí Ìlọrin. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Tánkẹ̀ ló bímọ, ó sì dúró lẹ́yìn ìkómọ láti máa bá a wẹ ọmọ. Láàárín ariwo àlejò àti oúnjẹ, ó ń fo oògùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ ṣáá, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tó sì ń dìde tọ̀ lóru léraléra. Ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí láàbù aládàáni kan, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ọsibítù ńlá lọ.

Dókítà bi í pé, "Màmá, oògùn wo lẹ̀ ń lò nílé?"

"Funfun ni, dókítà. Ó gùn díẹ̀, wọ́n fa ìlà sí i láàárín. Òmíràn tún wà tí mo máa ń lò lálẹ́."

"Ẹ ò mú un dání?"

"Báàgì mi ló wà, nílé."

Oògùn funfun tó ní ìlà láàárín kún kẹ́míìsì fọ́fọ́. Èrò sì tò lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́yìn Alhájà ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Dókítà wo ṣúgà rẹ̀ tó ga, ó gbà pé bóyá ni obìnrin yìí ń lo ohunkóhun rárá, ó bá kọ glibenclamide, mílígíráàmù 5, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Bí ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò bá rí ju ohun tí dókítà yìí rí lọ, ohun kan náà ni yóò kọ.

Ẹ̀rù ti ba Alhájà. Kò fo oògùn mọ́. Láàárọ̀, yóò lo Daonil tí wọ́n fún un nítòsí Àjàṣẹ́, yóò sì tún lo glibenclamide ti Ìlọrin tẹ̀lé e. Páálí ọ̀tọ̀, orúkọ ọ̀tọ̀, àwọ̀ ọ̀tọ̀. Oògùn kan náà ni. Daonil ni orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi ń tà á, glibenclamide ni orúkọ oògùn náà gan-an. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ara tú insulin jáde, ẹ jẹun o, ẹ ò jẹun o, ó sì máa ń pẹ́ lára àgbàlagbà. Ẹni tó bá sọ ìwọ̀n rẹ̀ di méjì láìmọ̀ ń wá kí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀ lóru ni.

Ó já wálẹ̀. Ní àsùbáà ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ kí ìyá òun dìde lọ ṣe àlùwàlá. Ó bá a lórí ẹní, òógùn ti bò ó, aṣọ rin gbingbin, ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò sì já síbì kan. Àwọn ará ilé ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló gùn ún. Ní ẹ̀ka pàjáwìrì, nọ́ọ̀sì gún un níka, ẹ̀rọ náà sì sọ pé ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 2.4. Bí ó bá ti wálẹ̀ ju 3.9 lọ, ó ti léwu. Wọ́n fi omi glucose sí i níṣan, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n pé ta ló gbé òun wá síbẹ̀. Wọ́n kò jẹ́ kó lọ sílé títí di ọjọ́ kejì, nítorí oògùn tó ṣì wà lára rẹ̀ lè tún fa ṣúgà náà wálẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ kó páálí méjèèjì sílẹ̀ níwájú mi, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ṣé wọ́n fún ìyá mi ní májèlé ni?"

Kò sí májèlé níbẹ̀. Ilé ìwòsàn méjì ló ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ, tí ìkínní kò sì mọ ohun tí ìkejì ṣe. Mo wá àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ibi méjèèjì, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ìpínlẹ̀ wa ní ètò pàṣípààrọ̀ àkọsílẹ̀ ìlera, èyí tí ilé ìwòsàn kan fi lè béèrè lọ́wọ́ òmíràn pé, "Kí lẹ mọ̀ nípa aláìsàn yìí?"

Èsì tí mo rí kò dùn mọ́ mi nínú. Ká tilẹ̀ ní wáyà ti so àwọn méjèèjì pọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò dájú pé ì bá gba Alhájà sílẹ̀.

Orúkọ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká ní Sulaimon ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sára fáìlì rẹ̀ ní gúúsù, nítòsí Àjàṣẹ́. Ní Ìlọrin, akọ̀wé kọ "Suleiman". Ìwé NIN rẹ̀ ní "Sulyman". Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sí nínú kọ̀ǹpútà, ẹnìkan kọ "Alhaja" síbẹ̀, bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1957 ni wọ́n fi ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ níbì kan, wọ́n fi 1960 ṣe é níbòmíràn, torí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Nọ́ńbà fóònù tó wà nínú fáìlì kan jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Èkó. Ti ìkejì jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Tánkẹ̀. Ta ló fẹ́ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ènìyàn kan náà ni àwọn wọ̀nyí? Ẹni tó bá sì gbé ìlú Ìlọrin mọ̀ pé Sulaimon yìí kéré. Ẹ lọ ka iye ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ Abdulraheem.

NIN lè ràn wá lọ́wọ́, nọ́ńbà mọ́kànlá tí kò ní ìkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbé wọlé láìmọ̀kan kò ní ka nọ́ńbà fún yín, ọmọ tuntun kò sì tíì ní in. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣètò irú nǹkan báyìí lágbàáyé, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ OpenHIE, fi ya ìwé orúkọ àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan gbòógì: ibì kan tí yóò gbé ìró orúkọ, ọdún ìbí, akọ tàbí abo, ìlú àti fóònù wò pọ̀, tí yóò sì sọ pé ó jọ pé ẹni kan náà ni, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé orúkọ àwọn ilé ìwòsàn wà lọ́tọ̀, ti àwọn òṣìṣẹ́ wà lọ́tọ̀, ti orúkọ àìsàn àti oògùn wà lọ́tọ̀. Ìwé orúkọ àwọn ilé ìwòsàn ti wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, olúkúlùkù ilé ìwòsàn sì ní nọ́ńbà níbẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn kò mọ nọ́ńbà ti ibi iṣẹ́ wọn.

Oògùn ni ìkejì, òun ló sì fẹ́ pa á. Fáìlì bébà ni ti gúúsù, "Daonil 1 tab" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà ní Ìlọrin, ó sì dára, ó ń tẹ bíìlì jáde kíákíá. Lórí rẹ̀, "GLIBENCLAMIDE 5MG" ló wà, ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kàn tẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì sórí ojú kọ̀ǹpútà kan náà, yóò tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn ni, kò sì ní sọ nǹkan kan. Àfi bí a bá fi àmì tí gbogbo ayé mọ̀ sí ara wọn. Nínú ATC, àtòjọ oògùn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, A10BB01 ni glibenclamide, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é. A10BB01 lẹ́ẹ̀mejì lórúkọ aláìsàn kan ṣoṣo: kọ̀ǹpútà tó rí ìyẹn lè pariwo, kódà bí dókítà bá ti rẹ̀.

Ìkẹta fẹ́ jọ àwàdà. Láàbù aládàáni tẹ ìwé jáde pé ṣúgà Alhájà jẹ́ 198. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọsibítù kọ 11. Ọmọkùnrin rẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n ya ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp, pè láti dúpẹ́ pé àdúrà ti gbà, ṣúgà ti já láti 198 sí 11. Iye kan náà ni. Mílígíráàmù nínú désílítà ni láàbù fi wọ̀n ọ́n, mílímóòlù nínú lítà sì ni ti ọsibítù. Ẹni bá fi 18 pín ti àkọ́kọ́ yóò rí ti ìkejì. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, Alhájà ló yé kíákíá. Ó ní ẹni tó bá ra èlùbọ́ ní kóńgò Àjàṣẹ́, tó lọ fi kóńgò ibòmíràn tà á láìwo ìdí kóńgò, kò lè mọ̀ bóyá òun jèrè. LOINC, àtòjọ àyẹ̀wò láàbù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwádìí Regenstrief ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà ní 1994, fún àyẹ̀wò méjèèjì ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀: 2345-7 ni ti mílígíráàmù, 14749-6 ni ti mílímóòlù. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà náà kò ní ṣi wọ́n mú fún ara wọn.

Irú àmì àti nọ́ńbà tí gbogbo wa jọ ń lò bẹ́ẹ̀ ni ìlànà àjùmọ̀lò. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ìjọba fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, torí wọ́n lè kó o jọ sí gbọ̀ngàn kan kí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù. N kò tíì rí ẹni tó gé rìbọ́ọ̀nù nítorí àtòjọ orúkọ oògùn. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni kò pọn dandan kí gbogbo ilé ìwòsàn ra sọ́fúwíà kan náà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà; kí oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀, kí ọjà ṣáà jẹ́ ọ̀kan. FHIR, ìlànà pàṣípààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìlera tí àjọ HL7 gbé jáde, tí ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ ti wà láti ìparí 2018, ló ń sọ bí sọ́fúwíà kan yóò ṣe di ọ̀rọ̀ oògùn tàbí àyẹ̀wò tí òmíràn fi lè tú u láìsí ìyípadà. Kò sì sí ẹni tó ń gba owó lílò rẹ̀.

Nígbà tí mo bá sọ èyí fún àwọn ọ̀gá, ìdáhùn tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ṣebí a ní DHIS2?" A ní in, ó sì wúlò. Yunifásítì Oslo ní orílẹ̀-èdè Norway ló dá a sílẹ̀, òun sì ni Nàìjíríà fi ń kó iye jọ lóṣooṣù: iye aboyún tó wá, iye ọmọ tó gba àjẹsára, iye ẹni tí ibà ṣe. DHIS2 lè sọ fún yín pé àwọn alátọ̀gbẹ báyìí-báyìí wá sí ilé ìwòsàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, tí Àjàṣẹ́ wà, lóṣù tó kọjá. Kò mọ Alhájà, wọn kò sì ṣe é kó mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè kejì máa ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ìpínlẹ̀ wọn: kí ló dé tí Kwara kò fi lè ṣe tirẹ̀ lọ́nà tó wù ú? Ẹ wo ilẹ̀ gúúsù Kwara. Ará Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ń gba Ìkìrun lọ sí Òṣogbo. Ará Òmù-Àrán tí ara rẹ̀ kò yá lè yà sí Ìdó-Èkìtì, ó sì bá ọ̀nà mu. Bí ìpínlẹ̀ wa bá kọ àmì tirẹ̀, tí Ọ̀ṣun kọ tirẹ̀, tí Èkìtì náà kọ tirẹ̀, àwa tó wà lẹ́bàá ààlà la ó jẹ ìyà rẹ̀. Iléeṣẹ́ Ìlera ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera orí kọ̀ǹpútà fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2024, lábẹ́ mínísítà Muhammad Ali Pate, ìlànà àjùmọ̀lò sì wà lára ohun tó dá lé. Kí ìpínlẹ̀ dúró de Abuja kó tó ṣe ohunkóhun kò mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣe, kó ṣe é ní ìlànà tí Abuja àti gbogbo ayé ń lò.

Kwara kò sì jẹ́ àjèjì sí kí a forúkọ ènìyàn sílẹ̀ nítorí ìlera. Ètò adójútòfò ìlera ti àwọn ará ìgbèríko tó bẹ̀rẹ̀ ní Ṣọ́ńgà ní 2007, tó sì dé Afọ̀n ní 2009, pẹ̀lú owó láti Netherlands, mú kí àgbẹ̀ àti oníṣòwò kékeré wà nínú ìwé. Wọ́n ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára wọn, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lára àwọn tó wà nínú ètò náà ju ti àwọn tí kò sí nínú rẹ̀ lọ. Ìyẹn fi hàn pé ènìyàn wa kò kórìíra kí a kọ orúkọ wọn, bí wọ́n bá ti rí àǹfààní níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé ta ni yóò rí i. Ẹ̀rù yẹn kò burú. Nígbà tí ọmọ Alhájà pe ilé ìwòsàn ti gúúsù lórí fóònù kí wọ́n ka fáìlì ìyá rẹ̀ fún un, obìnrin tó gbé fóònù kọ̀ jálẹ̀, inú sì bí ọmọ náà. Mo sọ fún un pé obìnrin yẹn ló tọ̀nà. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ló ń pè lóòótọ́? Òfin Ìlera ti 2014 fi àṣírí aláìsàn pamọ́ ní abala 26. Ṣùgbọ́n abala 27 tó tẹ̀ lé e gba òṣìṣẹ́ ìlera láyè láti fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn mìíràn bí iṣẹ́ bá béèrè fún un, tó sì jẹ́ fún ire aláìsàn. Òfin ìdáàbòbò détà ti 2023 tún ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Nítorí náà òfin kò dí wa lọ́nà. Ohun tó kù ni kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ọ̀sì lè rí èyí, akọ̀wé kò lè rí tọ̀hún, kí kọ̀ǹpútà sì máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ṣí fáìlì àti àkókò tó ṣí i. Ẹni tó ní kòkòrò lára, tó ń lọ gba oògùn ní ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ọmọ àbúrò òun tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ilé kò ní fi ìka kan tú àṣírí òun.

Lónìí, WhatsApp ni ètò pàṣípààrọ̀ tí a ní. Láàbù ń ya èsì ránṣẹ́, dókítà ń ya X-ray ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Ó ń gba ẹ̀mí là, n kò sì ní bú u. Kò kàn sẹ́ni tó lè wá àwòrán náà rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni.

Iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà tó lè tọ́jú ọ̀rọ̀ sínú ara rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, ló bá wa mu. Èyí tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan kò yẹ ní ilé ìwòsàn abúlé.

Owó ló ń dà mí láàmú ju iná lọ. Lẹ́yìn HITECH, òfin 2009 lórí àkọsílẹ̀ ìlera orí kọ̀ǹpútà, ìjọba Amẹ́ríkà pín nǹkan bíi mílíọ̀nù 548 dọ́là fún àwọn ìpínlẹ̀ kí wọ́n kọ́ ètò pàṣípààrọ̀. Nígbà tí owó yẹn tán, àwọn kan dá iṣẹ́ dúró, àwọn mìíràn wọ abẹ́ ẹlòmíràn. Indiana dúró, torí ó ti pẹ́ kí owó náà tó dé tí àwọn ọsibítù ibẹ̀ ti ń fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ síra wọn, tí wọ́n sì rí i pé ó ń dín ìnáwó kù. Ètò tí ẹnikẹ́ni kò jẹ àǹfààní rẹ̀ lójoojúmọ́, owó tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni yóò bá a kú.

Wọ́n gba glibenclamide kúrò lọ́wọ́ Alhájà, wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, wọ́n sì gbé e sórí metformin. Dókítà kọ lẹ́tà tó mọ́lẹ̀ kedere fún un: orúkọ oògùn gan-an, ìwọ̀n, òṣùwọ̀n ṣúgà. Ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn rẹ̀ ní gúúsù. Oògùn tí wọ́n fún un níbẹ̀ ni Glucophage. Ọmọ rẹ̀ pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ṣé ọ̀kan náà ni, àbí kí ìyá òun máa lo méjèèjì. Ọ̀kan náà ni. Ó kọ́gbọ́n láti béèrè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ aláìsàn kọ́ nìyẹn.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ibi tí ìpínlẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní mú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Ìlọrin ni màá mú, pẹ̀lú ilé ìwòsàn díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti nǹkan mẹ́ta péré: ta ni, láti ilé ìwòsàn wo, oògùn wo ló ń lò. Èsì láàbù lè tẹ̀ lé e. X-ray lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún owó tí yóò máa gbé e ró, ìpínlẹ̀ ní àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀, tó ń san owó fún ilé ìwòsàn lórí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kí àjọ náà sọ pé láti ọjọ́ báyìí, bíìlì tí kò bá ní nọ́ńbà ilé ìwòsàn, nọ́ńbà aláìsàn àti àmì ATC oògùn, òun kò ní san án. Akọ̀wé tí mo mọ̀ ní ilé ìwòsàn kan sọ fún mi pé kí wọ́n ṣe òfin yẹn lónìí, A10BB01 yóò ti yé òun kó tó di ọjọ́ tí wọ́n ń san owó.